Ẹ Má Gbálẹ̀ Dè Wá

Bísọ́lá, ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ń múra ìdánwò àṣejáde girama níhìn-ín ní Ìlá, wá bá mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, ó ní òun ti rí iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe láyé. Ó ní iṣẹ́ tí mo ṣe ni: foréńsíìkì. Ó pè é bí ẹni tí ó ń lá oyin. Mo bi í pé níbo ni ó ti rí i.

"Nínú fíìmù ni, Mà. Obìnrin kan ni, ó wọ aṣọ funfun, ó wọ bàtà gogoro, ó fi owú nu ojú fèrèsé báyìí, kọ̀ǹpútà dún píì, àwòrán ẹni tó pààyàn sì yọ."

"Iná kò lọ?"

"Rárá, Mà."

"Kò sí ẹni tó ti fọ fèrèsé náà kí ó tó dé?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo àgbà tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń jò. Òun ni mo ń kọ èyí fún, òun àti gbogbo ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe. Bí ohùn mi bá le, ẹ fara dà á. Èmi ti fẹ̀yìn tì. Ìbínú mi ni kò tíì gbàwé ìfẹ̀yìntì.

Kẹ́mísìrì ni mo kà ní yunifásítì. Bàbá mi, tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé ìjọ, gbé fọ́tò tí mo ti wọ aṣọ àti fìlà ìkẹ́kọ̀ọ́yege kọ́ ara ògiri, ó wà ṣáájú àwòrán Jésù. Kí àlejò tó rí Olúwa, ó ní láti kọ́kọ́ rí mi. Ìgbéraga yẹn ni mo gbé wọ iṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ìjọba kan tí ó ń bá ọlọ́pàá yẹ ẹ̀rí wò. N kò ní dárúkọ ìlú tí ó wà. Àwọn tí mo fẹ́ bú mọ ara wọn. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n ń san fún mi kò tó ìtàn, ẹ jẹ́ kí a fò ó.

Iṣẹ́ náà nìyí. Nígbà tí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀, tí ẹni tí yóò sá ti sá, àwa ni à ń wá àwọn ohun tí kò lè sá: ẹ̀jẹ̀, irun, ojú ìka lára ilẹ̀kùn, ojú bàtà nínú eruku. A ó kó wọn, a ó yẹ̀ wọ́n wò, lẹ́yìn náà a ó lọ dúró ní ilé ẹjọ́ kí lọ́yà lè bú wa. N kò gbé ìbọn rí. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo gbé, pẹ̀lú ìyẹ̀fun dúdú tí a fi ń mú ojú ìka jáde. Ìyẹ̀fun yìí ló jẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní Onítìróò ní abúlé tí mo bá dé. Wọ́n á ní obìnrin kan ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá, ó ń lé tìróò fún ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá Àjíbádé ló kọ́ mi níṣẹ́. Ìlú Òyìnbó ni ó ti kàwé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó ń wọ aṣọ funfun yàrá àyẹ̀wò lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ. Ó ń fi imú sọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti iṣẹ́, ó le bí ẹran àgbà àkùkọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó na àkísà kan sí mi.

"Kí ni o rí?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni, sà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ó pupa, sà."

"Epo pupa ńkọ́? Ọ̀dà ńkọ́? Ata lílọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni ẹ fi ń se ọbẹ̀ ní ilé yín ní Ìlá?" Àwọn tó wà níbẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. "Àbàwọ́n ni o rí. Kò tíì di ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá di ẹ̀jẹ̀, kò tíì di ti ènìyàn. Bí ó bá di ti ènìyàn, kò tíì di ti ẹni tí wọ́n pa. Ìgbésẹ̀ tí o bá fò níbẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ kan ni yóò já sínú ihò rẹ̀."

Ó lé mi jáde sábẹ́ ibòji, ó ní kí n lọ máa sá aṣọ. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń sá àkísà tí wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ adìyẹ sí, tí mo ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin, èmi tí fọ́tò mi wà ṣáájú ti Jésù. Oòrùn kò gbọdọ̀ kàn án. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn án. Bí ó bá gbẹ, inú pépà ni kí n wé e sí. "Ẹ̀jẹ̀ tútù kì í wọ ọ̀rá," ni Ọ̀gá máa ń pariwo. "Bí o bá dì í mọ́ inú ọ̀rá, yóò bu, yóò rà. O ti sin ẹlẹ́rìí láàyè nìyẹn."

Ní ìgbà kan mo tẹrí ba lórí iṣẹ́ tí mo ti fi odidi ọ̀sẹ̀ ṣe, irun mi kan bọ́ sí i. Ó da gbogbo rẹ̀ nù lójú mi. Ó ní irun mi ti di ara ẹjọ́, ṣé kí wọ́n wá so mí kọ́ ni? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wé gèlè pẹ́pẹ́ sórí lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó máa ń gbé ìborùn dúdú ìyàwó rẹ̀ kọ́rùn, ó di lọ́yà, ó sì ní kí n bọ́ síwájú.

"Madam, ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pa á?"

"Rárá, sà."

"Kí wá ni ẹ ń wí? Ẹ gbọ́ lẹ́nu òkú?"

Mo sunkún lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Ẹlẹ́rìí kì í sunkún. Sọ ohun tí o rí, má fi kún un, má yọ kúrò. Bí o kò bá rí i, sọ pé o kò rí i. Ibẹ̀ ló nira jù."

Mo kórìíra ọkùnrin náà dáadáa. Kì í ṣe ìtàn ọ̀gá onínúure tí ó ń fún ọmọ iṣẹ́ ní súìtì ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́ mi kò tíì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ohun tí kò lè kọ́ mi, tí kò sí ní ìlú Òyìnbó rẹ̀, ni bí a ó ti máa bá àwọn ènìyàn wa lò. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, bí a bá gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, a ó gbálẹ̀. Bí àlejò bá jẹ́ ti ìjọba, a ó gbálẹ̀, a ó bomi wọ́n ọn, a ó sì fọ ara ògiri. Ilé tí wọ́n ti jalè, wọ́n á ti to ẹrù padà kí n tó dé, kí a má rí ilé wọn ní rúdurùdu. Fèrèsé tí olè gbà wọlé, wọ́n á ti fi aṣọ tútù nù ún mọ́ tónítóní. Wọ́n á wá gbé àga fún mi, wọ́n á ní kí n jókòó, wọ́n á máa wò mí kí n sọ orúkọ olè. Àwọn àgbà ní bí a bá gbálẹ̀ gbálẹ̀, ààtàn ni à ń darí ilẹ̀ sí. Mo rò pé iṣẹ́ mi ni òwe náà ń sọ, nítorí ààtàn ni mo ti lo ìdajì ayé mi, tí mo ń fi igi tú ìdọ̀tí ká, tí ewúrẹ́ ń wò mí.

Irinṣẹ́ ń yí padà ní gbogbo ìgbà yìí. Kámẹ́rà onífíìmù ni mo bá níbẹ̀. Ẹ ó ya òkú tán, ẹ ó dúró de ẹni tí yóò fọ fọ́tò kí ẹ tó mọ̀ bóyá orí rẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà tí kò lo fíìmù dé, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà fóònù, tí gbogbo ará àdúgbò ti fi ya òkú kí a tó dé, tí wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí Èkó àti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Nígbà tí Ọ̀gá Àjíbádé fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá. Dókítà ni. Kì í ṣe dókítà oògùn, kì í sì í ṣe ti sáyẹ́ǹsì. Ọ̀rọ̀ bí a ti ń ṣàkóso ọ́fíìsì ni ó fi gba oyè náà, bí ẹ bá sì pè é ní Ọ̀gbẹ́ni, ẹ kò ní rí i títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí. Ní ìgbà tirẹ̀ ni wọ́n ra ẹ̀rọ DNA fún wa, èyí tí ó lè fi itọ́ ẹnu dá ènìyàn mọ̀. Wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, wọ́n gé e, wọ́n ya fọ́tò. Oògùn tí ẹ̀rọ náà ń lò kò bá a wá, kò sì wá títí mo fi kúrò. Aago ògiri tó ti kú ni wọ́n gbé lé e lórí nígbẹ̀yìn, wọ́n sì fi aṣọ tábìlì bò ó kí eruku má bà á jẹ́.

Nítorí náà ọgbọ́n àtijọ́ ni a ṣì ń lò nígbà tí ọ̀ràn Òkè-Ìlá dé. Ọ̀ràn yìí gan-an ni ó mú kí n máa bínú.

Alhaji Ẹnjiníà Ọlátúnjí wálé láti Èkó fún Iléyá. Oyè méjèèjì ni kí ẹ pè pọ̀ o. Bí ẹ bá pe ọ̀kan, kò ní dáhùn. Ọmọ bíbí Òkè-Ìlá ni, ó kọ́ ilé alájà síbẹ̀, ọdọọdún ni ó ń wá pa àgbò ńlá kí ìlú lè rí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Iléyá náà, wọ́n bá a lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti dúńbú ẹran, wọ́n ti fọ́ ọ lórí, ó ti kú. Nígbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa tí a fi dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti wí. N kò bá ẹ̀sìn jà. Ẹ̀yìnkùlé ni mo sáré lọ. Ó ń dán. Ojú ìgbálẹ̀ hàn lórí ilẹ̀ bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Òórùn ọṣẹ gba gbogbo ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé, Alhaja àgbà kan, ni ó wá pàdé wa. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. A ti tún gbogbo ibẹ̀ ṣe dè yín."

"Ẹ ṣé, Mà. Ta ló ní kí ẹ fọ̀ ọ́?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé kí àwọn ọ̀gá ìjọba wá bá ilé bàbá mi nínú ẹ̀gbin? Ọmọ Ìlá ni ọ́, mo gbọ́ ọ lẹ́nu. Ẹ kì í gbálẹ̀ nílé yín ni?"

"À ń gbálẹ̀, Mà."

"Ẹ̀hẹ́n. Jókòó kí o jẹun. Ẹran wà."

Obìnrin náà ń ṣọ̀fọ̀, omijé kò sì tíì gbẹ lójú rẹ̀. Ọwọ̀ ni ó fi pa ẹ̀rí rẹ́. Sájẹ́ǹtì tó tẹ̀lé mi jókòó, ó sì jẹun. Èmi gba ọ̀nà ààtàn lọ. Ìgbẹ́ àgbò, ìfun, eérú, ọ̀rá tí ó ti jóná. Kò sí ohun kan tí n lè gbé lọ sí ibì kankan.

Ṣùgbọ́n Sájẹ́ǹtì ti rí ẹni tí yóò mú. Súlè ni orúkọ rẹ̀, ọlọ́kadà kan láti Ire. Òun ni ó gbé Ẹnjiníà láti yídì wálé, àwọn ènìyàn sì gbọ́ tí Ẹnjiníà ń bú u pé ó fi eruku ba agbádá òun jẹ́. Wọ́n ti mú un lálẹ́ ọjọ́ Iléyá fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ àgbò ni, sà," ni ó ń wí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti kírun tán ni mo ti ń gbé ẹran kiri fún àwọn ènìyàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn."

Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín. "Gbogbo apànìyàn tí mo ti mú rí, àgbò ni wọ́n ń pa."

Ẹ sọ fún mi, lọ́jọ́ Iléyá, ta ni aṣọ rẹ̀ mọ́ ní gbogbo Ìgbómìnà? Ẹ̀jẹ̀ wà létí ṣòkòtò Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀. Mo fi hàn án. Ó ní tòun ti hàn gbangba, nítorí pé òun jẹ́ ọlọ́pàá.

Wọ́n ti ju ṣẹ́ẹ̀tì Súlè sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n so ẹnu rẹ̀ le. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọjá kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí mo tú u, òórùn rẹ̀ lé mi sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì ti bu. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti apá ọ̀tún ti gbẹ kí wọ́n tó dì í, ó ṣì dára. Mo sá a síbòji, mo wé e sínú pépà. Ìdáhùn Súlè wà níbẹ̀, ó kàn kí a bi í léèrè ni.

Bí a ti ń bi í kò le. A ó gé èyí tó tó èékánná nínú aṣọ náà, a ó rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀. A ó wá fi omi rẹ̀ lé omi àyẹ̀wò kan lórí jẹ́jẹ́ nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, òrùka funfun kan yóò yọ níbi tí omi méjèèjì ti pàdé. Bí kì í bá ṣe ti ènìyàn, kò ní yọ. Kò gba kọ̀ǹpútà, kò gba bàtà gogoro. Ohun kan ṣoṣo ni ó gbà: inú firíìjì ni omi àyẹ̀wò náà gbọdọ̀ wà. Bí ó bá gbóná, ó kú.

Kí n tó ṣe é, ilé ẹjọ́ ìlú mìíràn pè mí fún ọ̀ràn mìíràn. Ìgbà tí mo lọ yẹn ni wọ́n ń ṣí yàrá àyẹ̀wò wa tuntun. Yàrá àtijọ́ náà ni. Wọ́n kàn kùn ún lọ́dà ni. Àwọn àlejò ńlá ń bọ̀. Wọ́n gbálẹ̀, wọ́n fi ẹfun kun ìdí igi, wọ́n sì tan jẹnẹrétọ̀ láti ìdájí di alẹ́. Láti ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, firíìjì wa kò rí iná tó dúró tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí mo padà dé, mo ṣí i. Ìgò mínírà tó ṣẹ́ kù ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú omi inú ike àti ìbẹ́pẹ tí wọ́n gé sínú abọ́. Àwọn ìgò omi àyẹ̀wò mi wà lójú fèrèsé, oòrùn ń pa wọ́n. Ọkùnrin tí ó ń ṣètò àlejò fún Dókítà ni ó dá mi lóhùn.

"Ẹ má bínú, Anti. Àwọn ìgò kékeré lásán náà ni? Kò sí èyí tó fọ́. Ṣé ẹ rí bí mo ṣe tò wọ́n? Mo tilẹ̀ nù wọ́n."

"O nù wọ́n."

"Wọ́n ní eruku, Mà. Àlejò ń bọ̀."

Mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi níka, mo fi ẹ̀jẹ̀ mi dán omi náà wò. Mo dúró tì í. Òrùka kankan kò yọ. Gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò náà ti wí, èmi gan-an kì í ṣe ènìyàn.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Dókítà, kò pariwo. Ó ní kí n jókòó. "Madam, ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n ṣe é. Ẹ kọ ọ́ pé aṣọ náà ti bàjẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa."

"Apá kan rẹ̀ ló bàjẹ́, sà."

"Apá tó bàjẹ́ yẹn náà ni kí ẹ kọ."

"Ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò yunifásítì, sà. Wọ́n ní omi tó dára."

"Kí a gbé ìhòòhò ara wa lọ sójú ọjà? A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí tiwa!"

N kò sì lè dá a gbé lọ. Ẹ̀rí tí ó bá jáde láìsí àṣẹ ti di aṣọ lásán. Lọ́yà kankan lè gbá a dànù. Omi tuntun tí a béèrè kò dé. Mo ń béèrè, wọ́n ń ní ó ń bọ̀. Súlè wà ní ẹ̀wọ̀n, ó ń retí ẹjọ́. Iléyá kan dé, ó lọ. Òmíràn dé.

Ìyá rẹ̀ ń wá láti Ire. Ìgbómìnà pọ́ńbélé ni ó ń sọ, mo kàn ń fi Yorùbá ìwé kọ ọ́ kí ó lè yé gbogbo yín ni. Á jókòó sí abẹ́ igi ẹnu géètì, èyí tí wọ́n kùn ní ẹfun, títí n ó fi jáde.

"Anti, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀jẹ̀ àgbò wa ńkọ́? Ṣé ó ti sọ̀rọ̀?"

"Kò tíì sọ̀rọ̀, Mà."

Lọ́jọ́ kan n kò lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo jókòó tì í lórí gbòǹgbò igi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mínírà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Wọ́n sì mu ún?"

"Wọ́n mu ún."

"Ṣé ó tutù?"

"Ó tutù, Mà."

"Ó dára," ni ó wí, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀. "Ó ṣáà tutù."

Ó dìde, ó lọ wá ọkọ̀. Gbogbo èébú tí Ọ̀gá Àjíbádé bú mi láyé kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Nígbà tí ẹjọ́ wá dé iwájú adájọ́, Dókítà ti ní kí wọ́n tẹ èsì àyẹ̀wò sílẹ̀ dè mí, kí n kàn fọwọ́ sí i: aṣọ ti bàjẹ́, a kò lè mọ̀. Ó ní ìfẹ̀yìntì mi kò jìnnà mọ́, kí n má fi ẹsẹ̀ ara mi kọ. N kò fọwọ́ sí i. Mo bọ́ síwájú adájọ́ lọ́wọ́ òfìfo. Lọ́yà ìjọba dìde.

"Madam, ṣé òótọ́ ni pé aṣọ náà ti bàjẹ́ débi pé àyẹ̀wò kò ṣeé ṣe?"

"Kì í ṣe òótọ́. Apá ọ̀tún rẹ̀ dára títí di òní."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò fi ṣe àyẹ̀wò?"

"Omi àyẹ̀wò ló kú, Olúwa mi. Wọ́n kó o kúrò nínú firíìjì."

Adájọ́ gbójú sókè. "Kí ni wọ́n kó síbẹ̀?"

"Mínírà, Olúwa mi. Fún àlejò."

Ẹ̀rín sọ ní ilé ẹjọ́. Àwọn lọ́yà ń rẹ́rìn-ín, ọlọ́pàá ń rẹ́rìn-ín. Súlè kò rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Adájọ́ na tábìlì títí wọ́n fi dákẹ́, ó bi mí bóyá ibòmíràn wà tí wọ́n ti lè ṣe é. Mo ní ó wà. Ó ní kí wọ́n gbé aṣọ náà lọ, kí agbẹjọ́rò ìhà méjèèjì tẹ̀lé mi. Ohun tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ yìí wá, àṣẹ ọ̀sán kan péré ni ó gbà.

Ní yunifásítì, mo kọ́kọ́ fi ẹ̀jẹ̀ ara mi dán omi wọn wò. Òrùka funfun yọ, mo tún di ènìyàn. Mo wá fi ti apá ṣẹ́ẹ̀tì lé e. A dúró. Lọ́yà ìjọba bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ojú wá òrùka bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Kò sí. Wọ́n ní omi mìíràn níbẹ̀ tí ó mọ ẹ̀jẹ̀ àgùntàn. A lo ìyẹn. Òrùka náà jáde, ó funfun báláú, kò sẹ́ni tí kò rí i.

Ẹ ó ti máa béèrè pé ta wá ni ó pa Ẹnjiníà. N kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ohun tí ì bá sọ fún wa wà lórí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ náà, wọ́n gbá a fún mi. Ẹni náà ń jẹ ẹran Iléyá lọ́dọọdún níbi tí ó wà. Dókítà ti gba ipò tó ga jù tàtẹ̀yìnwá lọ. Èmi ni wọ́n gbé lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí, kí n máa ṣọ́ ìgbálẹ̀ àti ọṣẹ, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, Bísọ́lá, bí o bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, kọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n mọ̀ pé nǹkan tí ìwọ yóò máa bá jà jù kì í ṣe ọ̀daràn.

Lọ́jọ́ tí adájọ́ ní kí Súlè máa lọ sílé, mo dúró ní ìta ilé ẹjọ́. Ó jáde. Ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ kò gba oòrùn, ó fi ọwọ́ ṣíji bò ó. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ kan kàn án léjìká, ó fi ọwọ́ kejì di àpò aṣọ rẹ̀ mú. Nígbà tí Súlè rí mi, ó ju bàtà sílẹ̀, ó fẹ́ nà gbalaja sínú iyanrìn níwájú gbogbo ènìyàn, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ ti ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà.

Ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́yìn aṣọ mú kí àyà rẹ̀ tó kan ilẹ̀.

"Dìde."

"Ìyá mi, àwọn ni wọ́n—"

"Mo mọ̀ wọ́n. Mo ní kí o dìde. Ohun tìẹ ni wọ́n dá padà fún ọ. Má dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbí."

Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní, "Ìyá, kí ló dé? Àgbà ni Madam o."

Ìyá Súlè kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ni ó ń wò. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé ọmọdé kì í dúró gbagidi níwájú àgbà, mo sì ti fi ẹ̀kọ́ yẹn bá ọ̀pọ̀ ọmọ wí.

"Ẹ ṣe é dáadáa, Mà," ni mo sọ fún un. "Súlè, dúró bẹ́ẹ̀."

Ó dúró. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó gbọn iyanrìn kúrò ní orúnkún rẹ̀, ó wọ bàtà fún un, wọ́n sì lọ wá ọkọ̀ Ire.